Ìlà gíráàfù gòkè, ó tún sọ̀ kalẹ̀: ṣé àmì acceleration yí padà lókè ni?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá wa dá ẹjọ́ kan. Wọ́n fún wa ní gíráàfù ipò sí àkókò nínú iṣẹ́ àṣetiléwá físíìsì. Ohun tó wà lórí rẹ̀ nìyí: ní 0 s, nǹkan náà wà ní 0 m, ní 1 s, 5 m, 2 s, 8 m, 3 s, 9 m, 4 s, 8 m, 5 s, 5 m, nígbà tó fi máa di 6 s, ó ti padà sí 0 m. Olùkọ́ wa ní acceleration rẹ̀ (bí velocity, ìyẹn eré pẹ̀lú ìhà tó kọjú sí, ṣe ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan) jẹ́ −2 m/s² láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi ò gbà. Nígbà tó ń lọ, eré rẹ̀ ń dínkù, ìyẹn lè jẹ́ −2. Lẹ́yìn 3 s, eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ó yẹ kó di +2. Ní 3 s gan-an ó dúró, òdo nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi ní kò sí èyí tó tọ̀nà nínú gbogbo rẹ̀, pé 3 s ni acceleration ti pọ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni ìlà ti tẹ̀ jù. Ta ló jàre?

* * *

Olùkọ́ yín ló jàre, kò sì gba fọ́múlà kankan kí o tó rí i. Mú nọ́mbà méje yẹn, kí o máa yọ èyí tó ṣáájú kúrò nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Wàá rí 5, 3, 1, −1, −3, −5. Velocity ìpíndọ́gba rẹ̀ nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tún yọ wọ́n lára wọn lẹ́ẹ̀kan sí i: −2, −2, −2, −2, −2. Kò sí èyí tó yàtọ̀ nínú wọn.

Wo ibi tí 1 ti di −1. Ibẹ̀ ni 3 s wà, ibẹ̀ ni ìwọ àti olùkọ́ yín ti ń jà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí 5 di 3: velocity pàdánù 2 m/s, bó ṣe ń pàdánù rẹ̀ láti ìgbà tó ti gbéra. Òdo kàn wà lójú ọ̀nà ni, ó gba orí rẹ̀ kọjá.

Nọ́mbà 1, 3, 5 yẹn kì í sì í ṣe àjèjì. Galileo rí wọn lára bọ́ọ̀lù tó ń yí lórí pákó tó dagẹ̀rẹ̀: bí bọ́ọ̀lù bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdúró, ọ̀nà tó ń rìn láàárín àkókò tó dọ́gba máa ń jẹ́ 1, 3, 5, 7, lọ bẹ́ẹ̀. Ka tìrẹ láti 3 s síwájú, òun náà ni, ìsàlẹ̀ ló kàn kọjú sí.

* * *

Mo ti ka èsì àwọn tó kù. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni "àmì ìyọkúrò túmọ̀ sí pé ó ń dẹ eré." Ọ̀rọ̀ yìí ló ń da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rú, ó sì ń dùn mí pé àwọn kan ṣì ń fi í kọ́ ọmọ.

Àmì tó wà níwájú acceleration ń sọ ìhà tí velocity ń yí sí ni. Bóyá nǹkan ń sáré sí i tàbí ó ń dẹ eré, ẹ̀rí méjì la gbọ́dọ̀ gbọ́ kí a tó mọ̀: àmì velocity àti àmì acceleration. Bí méjèèjì bá jọra, eré ń pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá takora, eré ń dínkù. Lẹ́yìn 3 s, velocity rẹ ti ní àmì ìyọkúrò, acceleration náà ní in, nítorí náà eré ń pọ̀. Ohun tí o rí yẹn, òótọ́ ni. Àmì tí o fún un ni kò tọ́.

Lórí ìlà fúnra rẹ̀, ìdagẹ̀rẹ̀ ni velocity. Ọ̀nà tí ìlà gbà tẹ̀ ló ń fi àmì acceleration hàn. Bó bá tẹ̀ bí abọ́ tó kọjú sókè, + ni. Bó bá tẹ̀ bí abọ́ tó dojúdé, − ni. Tìrẹ dojúdé láti 0 s dé 6 s, kò sí ibi tó ti yí ojú padà. Ibi tí abọ́ tó dojúdé bá ti di èyí tó kọjú sókè, tàbí òdìkejì rẹ̀, nìkan ni àmì ti ń yí, kò sì sí irú ibẹ̀ lórí gíráàfù yìí.

Àwọn tó ní "ó dúró lókè, nítorí náà òdo ni" ńkọ́? Bí velocity bá jẹ́ òdo, tí acceleration náà sì jẹ́ òdo, tó sì wà bẹ́ẹ̀, nǹkan náà kò ní padà wá mọ́. Bọ́ọ̀lù tí a jù sókè dúró fún ìgbà kan tí kò ní gígùn, acceleration rẹ̀ níbẹ̀ sì jẹ́ 9.8 m/s² síhà ilẹ̀, bó ṣe rí kó tó débẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ pé ìjà yìí ti pọ̀ jù: "Ipò pín sí àkókò ni velocity. Ẹ tún pín in sí àkókò, acceleration dé. Kí ló kù?"

Ohun gbogbo ló kù. Ẹ gbé e lé gíráàfù yìí. Ní 3 s, 9 ÷ 3 ÷ 3 jẹ́ +1. Ní 1 s, +5. Ní 6 s, òdo. Ohun tí kò yí padà rárá ti fún wa ní ìdáhùn mẹ́ta, kò sì sí èyí tó jẹ́ −2 nínú wọn. Ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà tó ti 0 wá dé àmì kan ni ẹ ń ṣírò, ìlà gíráàfù gan-an kò sì gba ibẹ̀ kọjá.

Kódà níbi tó jọ pé ó lè ṣiṣẹ́, ìdajì ló ń fún yín. Nǹkan tó já bọ́ láti ìdúró ń rìn 4.9 m ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀nà yín máa fún yín ní 4.9, èyí tó tọ́ jẹ́ 9.8. Ìlọ́po méjì ipò ni a ń pín sí àkókò lọ́nà méjì (àkókò × àkókò), ìyẹn náà sì jẹ́ fún nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdúró, láti ipò òdo, tí acceleration rẹ̀ kò sì yí padà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi í sílẹ̀.

* * *

Ọ̀rẹ́ rẹ wá ńkọ́, ẹni tó ní 3 s ni ìlà ti tẹ̀ jù? Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Orí gíráàfù náà tẹ̀ gidigidi, àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gún régé.

Fa gíráàfù náà kí mítà kan àti ìṣẹ́jú àáyá kan gba ààyè kan náà lórí bébà. Ìdagẹ̀rẹ̀ 5 jẹ́ nǹkan bí 78.7°. Ìdagẹ̀rẹ̀ 3 jẹ́ nǹkan bí 71.6°. Nígbà tí velocity bọ́ láti 5 sí 3, ìlà yí ojú padà pẹ̀lú 7° àti díẹ̀. Lókè, velocity bọ́ láti 1 sí −1: 45° di −45°, 90° odindi. Ìyípadà 2 m/s ni méjèèjì! Ìlà tó ti ga gan-an kò ní ààyè tó láti yí sí, ìyẹn ni gbogbo àṣírí rẹ̀. Bí a bá fi ìṣirò wọn títẹ̀ ìlà fúnra rẹ̀, ti 3 s fi nǹkan bí ìlọ́po 225 ju ti 0 s lọ, acceleration ibi méjèèjì sì jẹ́ −2.

Tún wò ó báyìí: fa òpó ìdúró (ìlà ìwọ̀n mítà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíráàfù) gùn ní ìlọ́po mẹ́wàá, orí gíráàfù á mú ṣóṣóró. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á jọ ìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gún. Nǹkan tó ń rìn kò mọ̀ pé o yí bébà padà.

* * *

"Ṣé ẹ wá ń sọ pé ojú kò wúlò ni? Nínú ìdánwò, gíráàfù ni wọ́n ń fún wa, kì í ṣe tábìlì nọ́mbà."

Ojú wúlò fún àmì. Fún iye, rúlà ni.

Gbé rúlà lé ojú àmì méjì lórí ìlà. Bí ìlà láàárín wọn bá wà lókè rúlà, − ni. Bó bá wà nísàlẹ̀, + ni. Bó bá bá rúlà dọ́gba, òdo. Ìyẹn kò gbà ju bí a ṣe ń mí lọ.

Iye rẹ̀ ńkọ́? Dúró síbẹ̀ pẹ̀lú rúlà kan náà. Wá àárín àkókò tó wà láàárín àmì méjèèjì, kí o wo bí ìlà ṣe jìnnà sí rúlà tó níbẹ̀, lóòró. Sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́jọ, kí o pín in sí gbogbo àkókò náà lọ́nà méjì. Acceleration nìyẹn. Láti 1 s sí 5 s, rúlà sùn ní 5 m; ìlà wà ní 9 m ní 3 s; àlàfo jẹ́ 4. 8 × 4 jẹ́ 32, pín in sí 4 × 4, ó jẹ́ 2. Ìlà wà lókè rúlà, nítorí náà −2. Láti 0 s sí 6 s, àlàfo jẹ́ 9: 72 ÷ 36, 2 náà ni. Láti 0 s sí 2 s, àárín rúlà wà ní 4 m, ìlà wà ní 5 m: 8 × 1 ÷ 4, 2. Ibi yòówù kí o gbé rúlà sí lórí gíráàfù yìí, kò ní yí ohùn padà, ìyẹn gan-an ló sì ń sọ fún ọ pé acceleration náà kò yí padà.

Ìṣòro tí mo máa ń rí nínú èyí ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi sẹ̀ǹtímítà orí rúlà wọn àlàfo náà, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n ní igun 90° sí rúlà. Òòró ni, ìwọ̀n òpó ìdúró ni kí o sì fi kà á. Ìṣòro kejì: bí acceleration bá ń yí padà, ohun tí rúlà gígùn fún ọ jẹ́ àpapọ̀ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín. Rúlà kúkúrú ń sọ ti ibi kan, ṣùgbọ́n àlàfo rẹ̀ kéré débi pé ìbú orí pẹ́ńsù lè jẹ ẹ́ tán.

Àwọn kan fèsì pé tangent (ìlà gígún tó fara kan ìlà gíráàfù lójú kan, tí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì bá tirẹ̀ mu níbẹ̀) nìkan ni ọ̀nà tó bófin mu: fa méjì, yọ ìdagẹ̀rẹ̀ wọn, pín in sí àkókò. Mi ò sọ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀pọ̀ tangent tí wọ́n fi ọwọ́ fà, tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì fà á ní ojú kan náà, tí ìdáhùn wọn kò sì bára mu. Bí ẹ bá fẹ́ fà á dáadáa, ẹ gbé dígí dúró lórí ìlà, kí ẹ máa yí i títí tí òjìji ìlà inú dígí á fi bá ìlà orí bébà lọ láìṣẹ́. Dígí náà ti wà ní igun 90° sí tangent nígbà náà. Àbí kí ẹ kúkú lo ohun tó rọrùn jù: níbi tí acceleration kò bá ti yí padà, ìdagẹ̀rẹ̀ rúlà láàárín àmì méjì ni velocity ní àárín àkókò wọn, kò dín, kò lé. Láti 1 s sí 3 s, (9 − 5) ÷ 2 jẹ́ 2 m/s. Velocity ní 2 s nìyẹn, ẹ ò fa tangent kankan.

* * *

Ẹni tó fi fóònù ya fídíò bọ́ọ̀lù tó ń já bọ́, mo rí tìẹ. O ní o ka ipò bọ́ọ̀lù nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, o yọ wọ́n lára wọn lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe kọ ọ́, acceleration sì ń fò láti 6 sí 13, ó tún padà sí 8. O wá ní ọ̀nà náà kò dáa.

Ọ̀nà náà dáa. Àwọn àwòrán ni wọ́n sún mọ́ra jù. Fídíò tó ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fi 1/30 s ya wọ́n sọ́tọ̀. Láti rí acceleration, o ní láti pín ìyàtọ̀ kejì (ohun tó kù lẹ́yìn tí o yọ wọ́n lára wọn lẹ́ẹ̀mejì) sí àkókò yẹn lọ́nà méjì, ìyẹn ni pé o ń sọ ọ́ di ìlọ́po 900. Bí ojú rẹ bá fi mílímítà kan péré ṣì í lórí ipò kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe tó máa bọ́ sínú acceleration á tó nǹkan bí 2.2 m/s². Lára 9.8! Nọ́mbà rẹ ò sì ní ṣàì máa fò.

Mú àwòrán kan nínú mẹ́ta. Àkókò àárín wọn di 0.1 s, ìlọ́po 900 di 100, àṣìṣe mílímítà kan yẹn sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 0.24 m/s². Fóònù kan náà, bọ́ọ̀lù kan náà.

Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé àwọn tó ń lo tẹ́ẹ̀pù alámì, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí nǹkan tó ń rìn ń fà gba inú ẹ̀rọ tó ń tẹ àmì 50 sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í ka àmì kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń gé e, kó lè di 0.1 s. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìwé ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀.

Èyí tó tún dára ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kí o má yọ nǹkankan lára nǹkankan. Bí bọ́ọ̀lù bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdúró, fa gíráàfù mìíràn: ipò sí àkókò lọ́nà méjì. Bí àwọn àmì bá tò sórí ìlà tó gún, fa ìlà kan ṣoṣo gba àárín gbogbo wọn. Ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdajì acceleration. Ìdajì o! Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gba máàkì lọ́wọ́ ènìyàn.

* * *

Ìbéèrè ẹ̀gbẹ́ kan: "Gíráàfù tèmi jẹ́ ìlà gígún méjì tó pàdé. Ìdagẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ 2 m/s, èkejì 5 m/s. Kí ni acceleration?"

Òdo lórí ìlà àkọ́kọ́, òdo lórí èkejì. Ní igun tí wọ́n ti pàdé, kò ní iye kankan. Velocity fò láti 2 sí 5 láìgba àkókò, kò sì sí nǹkan tó ní ìwúwo tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yàwòrán ló yí igun náà mú ṣóṣóró kí iṣẹ́ lè rọrùn. Bí ìyípadà náà bá gba 0.1 s ní tòótọ́, 30 m/s² nìyẹn, ó ju ìlọ́po mẹ́ta ti nǹkan tó ń já bọ́ lọ. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní acceleration ìpíndọ́gba láàárín àkókò kan tí igun náà wà nínú rẹ̀, ìyẹn ní ìdáhùn. Ti ojú igun gan-an kò ní.

* * *

Oníbèéèrè àkọ́kọ́ ti padà dé: "Mo gba ti nọ́mbà. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì gbà á. Ó ń dẹ eré, lẹ́yìn náà ó ń sáré sí i. Báwo ni ohun méjì tó takora báyìí ṣe lè jẹ́ acceleration kan náà?"

Ìbéèrè gidi nìyí, ó sì dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Jẹ́ ká pe ẹlẹ́rìí méjì mìíràn.

Ẹni àkọ́kọ́ gbéra pẹ̀lú nǹkan náà ní 0 s, ó ń lọ ní 6 m/s láìyí padà, ibi tí òun bá wà ló sì ń pè ní òdo. Ipò nǹkan náà lójú rẹ̀: 0, −1, −4, −9, −16, −25, −36. Wo ó dáadáa. Lójú ẹni yìí, nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ láti ìdúró, ó ń fi ẹ̀yìn lọ, eré rẹ̀ ń pọ̀ ṣáá. Kò dẹ eré rí. Kò sí orí òkè kankan lórí gíráàfù rẹ̀ lẹ́yìn 0 s.

Ẹnì kejì ń lọ sí òdìkejì ní 6 m/s. Tirẹ̀ ni 0, 11, 20, 27, 32, 35, 36. Lójú òun, nǹkan náà ń dẹ eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì padà sẹ́yìn rárá.

Bí òfin tìrẹ bá tọ́, ìwọ á ní −2 tó di +2, ẹni àkọ́kọ́ á ní +2 látòkè délẹ̀, ẹnì kejì á ní −2 látòkè délẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń rìn. Yọ nọ́mbà wọn lára wọn lẹ́ẹ̀mejì: −2 ni gbogbo yín ní, láìsí àríyànjiyàn. Orí òkè tó wà ní 3 s, ibi tí o dúró wò ó ló dá a sílẹ̀. Kí a fi velocity tí kò yí padà kún un tàbí kí a yọ ọ́ kúrò, gíráàfù á kàn dagẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ni. Àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti rúlà kò ní kúrò lójú kan.

Bí o bá fẹ́ kó di +2 ní dandan, pe ìhà ìsàlẹ̀ ní +. Gbogbo gíráàfù á dojú kọ òkè, +2 á sì wà níbẹ̀ láti 0 s dé 6 s. Ìdajì-ìdajì ni kò ṣeé ṣe.

* * *

Ẹnì kan mú mi lórí ohun tí mo sọ nípa velocity òdo àti acceleration òdo. Ó ní ipò tó bá jẹ́ àkókò lọ́nà mẹ́rin (àkókò × àkókò × àkókò × àkókò) ní òdo méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń padà. Òtítọ́ ni, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ "tó sì wà bẹ́ẹ̀". Tirẹ̀ jẹ́ òdo fún ojú kan ṣoṣo tí kò ní gígùn.

Ó sì kan ìbéèrè tó gbẹ̀yìn, bóyá ènìyàn lè wo ìlà kó sọ pé acceleration kò yí padà. Kò lè sọ. Láti −2 s sí 2 s, àkókò lọ́nà méjì fúnni ní 4, 1, 0, 1, 4. Àkókò lọ́nà mẹ́rin fúnni ní 16, 1, 0, 1, 16. Méjèèjì jọ ara wọn lójú, àgàgà bí ẹni tó yà wọ́n bá ti yí ìwọ̀n òpó ìdúró padà. Ìyàtọ̀ kejì ló tú wọn fó: ti àkọ́kọ́ jẹ́ 2, 2, 2, ti èkejì jẹ́ 14, 2, 14. Kódà 2 tó wà láàárín yẹn kì í ṣe òtítọ́, nítorí òdo ni acceleration níbẹ̀. Àlàfo ìṣẹ́jú àáyá kan ló gbòòrò jù. Bí o bá ka ipò ní 0.1 s, 0.1 s, 2 yẹn á di 0.02. Nítorí náà bí tábìlì bá wà, yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí o tó kọ "kò yí padà". Bí kò bá sí, gbé rúlà sí ibi mẹ́ta ó kéré tán.